Owó Ìrànwọ́ fún Ẹni tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba oko lọ, tí àwọn mìíràn sì ti gba ọ́fíìsì lọ, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ pè é, orúkọ náà sì ni ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bí ó ti wá iṣẹ́ tó, tàbí iye ìwé tí ó ti kọ tí èsì kò padà wá. Iṣẹ́ oko ni ojú wa mọ́ láti ayébáyé, a kì í sì í lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ oko, nítorí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, ọkọ́ àti àdá sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iṣẹ́ olówó oṣù ti dé, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tí ó jí ní kùtùkùtù, tí ó lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, lè bá ìwé lórí tábìlì pé a kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó lè má jalè, ó lè má ya ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé iye tí a ń ta epo rọ̀bì ní ọjà àgbáyé ni ó já wálẹ̀, tàbí pé ilé iṣẹ́ tí ó gbà á kò rí owó òkèèrè fi ra ohun èlò mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí mo gbàgbọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ wa jẹ ẹ́ ní gbèsè kan tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í san.

Ó lè ya ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu láti gbọ́ pé ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbàgbé rẹ̀. Ní abala 16 ìwé náà, a kọ ọ́ pé kí ìjọba darí ètò rẹ̀ sí ọ̀nà tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ yóò fi rí ilé gbé àti oúnjẹ jẹ, tí àwọn arúgbó yóò rí ìtọ́jú, tí aláìríṣẹ́ àti aláìsàn yóò sì rí owó ìrànwọ́ gbà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé náà padà sí abala 6, ẹ ó rí i níbẹ̀ pé, àfi bí ìwé òfin náà bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, kò sí ilé ẹjọ́ tí ó lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá ìjọba mú irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ tàbí kò mú un ṣẹ. Ó dà bí ẹni tí ó ṣèlérí àkàrà fún ọmọ rẹ̀, tí ó sì tún kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ béèrè.

Kì í ṣe òní ni ìṣòro àìríṣẹ́ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kò tó ẹgbẹ̀rún 460; ní ọdún 1955 náà, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún 800. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà gbà. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò díẹ̀ lè rí i pé ní òpin ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, tí wọn yóò sì máa wá iṣẹ́ akọ̀wé. Àwọn bàbá wọn ti gbin kòkó, wọ́n ti ro oko nínú òjò àti oòrùn, kí ọmọ wọn má baà di ọkọ́ mú. Ta ni yóò wá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ó padà sí oko?

Ìjọba náà gbìyànjú láti sọ ọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1959 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò àwọn oko ńlá tí àwọn ènìyàn ń pè ní sẹ́túmẹ́ǹtì, irú èyí tí a rí ní Ìlórà àti Èrúwà. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni a ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Wọn a kó àwọn ọmọ tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ lọ sí ibi tí a ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà ní Akùfọ̀ lẹ́bàá Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí, wọn a fún olúkúlùkù ní ilẹ̀ àti ilé, wọn a sì máa yá a ní owó tí yóò máa fi jẹun títí irè oko rẹ̀ yóò fi tó ó tà. Èrò náà kò burú. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò dúró. Ìnáwó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ètò náà kò fi lè gba ju ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ lọ, nígbà tí àwọn tí ń wá iṣẹ́ ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni igi kòkó àti igi ọ̀pẹ kì í so lọ́dún kan. Ohun tí ó sì burú jù ni pé àwọn tí a kó lọ ka ara wọn sí òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n ka owó tí a ń yá wọn sí owó oṣù. Nígbà tí owó náà dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ wọn yá sí ọ̀nà Ìbàdàn àti Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ibi tí owó ètò bẹ́ẹ̀ ti wá, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù lọ fún wa wà. Láti ọdún 1954 ni Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bọ́ọ̀dù a máa ra kòkó ní iye kan, a sì máa tà á ní òkèèrè ní iye tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù, kí a tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí owó kòkó bá já wálẹ̀, kí àgbẹ̀ má baà kú sínú gbèsè. Ẹ wò ó dáadáa: àdójútòfò ni èyí. Àgbẹ̀ ń san lára owó rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó dára, kí ó lè rí nǹkan gbà ní ọjọ́ tí kò dára. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo owó náà gẹ́gẹ́ bí owó tirẹ̀. A fi ṣe ọ̀nà, a fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́, a fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, a fi ṣe ohun rere púpọ̀ tí a ń jẹ ànfààní rẹ̀ títí di òní. Ilé Kòkó tí a parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965 ń jẹ́ orúkọ irúgbìn tí ó pèsè owó rẹ̀. Nígbà tí iye kòkó wá já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àgbẹ̀ na ọwọ́ sí àpò tí ó ti ń dá owó sí, kò bá ohun tí ó tó nǹkan níbẹ̀. Iye tí a ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ dín kù, owó orí kò dín kù. Ní ọdún 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde pẹ̀lú ìbínú nínú ìjà tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ̀mí sì ṣòfò. Mo mọ̀ pé ìdí ìjà náà ju ẹyọ kan lọ. Síbẹ̀, ẹni tí a gba owó ààbò rẹ̀ fi kọ́ ilé tí kò lè wọ̀, kò yẹ kí inú tí ó bí i yà wá lẹ́nu.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí kí àwa tó dojú kọ ọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1911 pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ní àwọn iṣẹ́ kan, irú bí ilé kíkọ́ àti ọkọ̀ ojú omi kíkàn, máa dá kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ dá iye kan náà, kí ìjọba sì fi tirẹ̀ kún un. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà, yóò máa gba ṣílè méje lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 15 lọ nínú ọdún kan. Ṣílè méje kò tó bọ́ ẹbí. Àwọn tí ó ṣe òfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ó tó láti má jẹ́ kí ènìyàn ta aṣọ ọrùn rẹ̀, kí ó má sì tó láti mú un gbàgbé iṣẹ́ wíwá.

Èyí tí ó wù mí jù ni ti ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, nítorí ìpínlẹ̀ ni, kì í ṣe odindi orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ màlúù àti wàrà ni, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ sì pọ̀ ní ìlú Milwaukee tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, ìpínlẹ̀ yìí kò dúró de ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1932, gómìnà rẹ̀, Philip La Follette, fi ọwọ́ sí òfin àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó ṣètò owó fún aláìríṣẹ́. Ọgbọ́n kan wà nínú òfin náà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó sí àpò náà, a sì ń wo bí ó ti ń lé ènìyàn tó. Ẹni tí ó bá ń gba òṣìṣẹ́ ní òwúrọ̀ tí ó ń lé wọn ní alẹ́, òun ni yóò san púpọ̀. Ẹni tí ó bá di òṣìṣẹ́ rẹ̀ mú, tirẹ̀ yóò fúyẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, òfin kan náà ń ran aláìríṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń ti ọ̀gá láti ronú jinlẹ̀ kí ó tó sọ ènìyàn di aláìríṣẹ́. Ní ọdún 1935, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó mú kí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀ lé e, kí ọdún 1937 sì tó parí, kò sí ìpínlẹ̀ tí kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu iye tí yóò máa san àti iye ọ̀sẹ̀ tí yóò san án. Ọ̀sẹ̀ 26 ni ó pọ̀ jù ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní ọdún 2020, àpò àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn gbẹ, wọ́n sì ní láti yá owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n àpò tí ó gbẹ nítorí pé aláìríṣẹ́ ni ó ná an, kò jọ àpò tí ó gbẹ nítorí pé a fi kọ́ ilé àwòṣífìlà.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá fi owó lé aláìríṣẹ́ lọ́wọ́, yóò jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá, nítorí ọmọ ènìyàn ni gbogbo wa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi gbèdéke sí ọ̀sẹ̀ tí a ó san án, tí a sì ń béèrè ẹ̀rí pé olúwarẹ̀ ń wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà wo ọjà. Ní ọdún 2015, lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà kò rí owó oṣù san fún òṣìṣẹ́ wọn fún oṣù púpọ̀, títí tí ìjọba àpapọ̀ fi nawọ́ ìrànwọ́ sí wọn. Olùkọ́ kò gba owó. Nítorí náà, kò ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá tí ń dín in ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ìyá náà kò ra ẹ̀wà lọ́wọ́ alátà, alátà kò rán onímọ́tò ní ẹrù, onímọ́tò kò gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹni kan ṣoṣo ni ìjọba kò sanwó fún, ẹni márùn-ún ni ebi pa. Owó tí a fi lé aláìríṣẹ́ lọ́wọ́ kì í sùn lọ́dọ̀ rẹ̀; kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti dé ọjà. Ìlú tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ń bọ́ nílò irú owó bẹ́ẹ̀ ju ìlú ńlá lọ ní ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà bá ti ilẹ̀kùn.

Àwa náà ti dán nǹkan wò. Ní ìparí ọdún 2010 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gba ọ̀dọ́ 20,000 sí ètò kan, ó ń san 10,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, wọ́n sì ń tún àyíká ṣe, wọ́n ń darí ọkọ̀ ní òpópónà. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 200 náírà lóṣù. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ni a ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gba owó. Ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ètò N-Power ní ọdún 2016, ó ń fún àwọn tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní 30,000 náírà lóṣù. Mo yin àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n irú owó wọ̀nyí, ọwọ́ ìjọba ni ó ti ń wá. Ó ń wá nígbà tí epo bá níye lórí, ó sì ń dáwọ́ dúró gan-an nígbà tí àwọn aláìríṣẹ́ bá pọ̀ sí i. Agbòjò tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹni nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, irú agbòjò wo nìyẹn?

Kí n tó sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe, ó yẹ kí a mọ ẹni tí a ń pè ní aláìríṣẹ́. Ní òpin ọdún 2020, àjọ ìjọba tí ń ṣe ìṣirò ní Nàìjíríà sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó tó iṣẹ́ ṣe tí ó sì ń fẹ́ ṣe é, 33 kò ní iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àjọ kan náà sọ pé mẹ́rin péré ni. Ṣé a ti rí iṣẹ́ fún gbogbo àwọn yòókù ni? Rárá o. Ọ̀nà tí a fi ń kà wọ́n ni a yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀ ni a ń kà mọ́ aláìríṣẹ́. Nísinsìnyí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é ní ilẹ̀ púpọ̀, ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti di oníṣẹ́. Èmi kò bá wọn jà lórí èyí, nítorí ó jẹ́ kí a lè fi ara wa wé ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà mẹ́rin náà tàn yín jẹ. Ìṣirò kan náà fi hàn pé ó lé ní 92 nínú ọgọ́rùn-ún oníṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn kò sí lábẹ́ ètò kankan: aránṣọ, ọlọ́kadà, oníṣòwò pẹ́pẹ̀pẹ́, birikila, àgbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ní ọ̀gá tí a lè ní kí ó dá owó sílẹ̀ fún wọn. Níhìn-ín ni òfin Wisconsin kò ti lè bá wa mu bí a bá kàn gbé e wọlé bí ó ti rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó rọrùn. Láti ọdún 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000 náírà. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń dá náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 700 náírà lóṣù, tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi 700 lé e. Ní ọdún kan, ó di 16,800 náírà. Ká tún ní òṣìṣẹ́ ogún wà nínú ètò náà, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn. Àpò àwọn ogún jẹ́ 336,000 náírà. Bí a bá ń fún ẹni náà ní ìdajì owó oṣù, 35,000 náírà, fún oṣù mẹ́fà, yóò gba 210,000. 126,000 náírà yóò sì kù de ọdún tí ó bá le. Ìṣirò yìí kò ju ti kíláàsì kejì lọ. Ìpínlẹ̀ tí ń san owó oṣù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, kí ó tó pe àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni sí i. Ohun tí ó jọ ọ́ ní òfin wa nísinsìnyí ni òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, tí ó gba ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàyè láti mú tó ìdá mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, bí kò bá rí iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó ń jẹ ní ọ̀sán.

Ní ti aránṣọ àti àgbẹ̀, a kò ṣàìní ohun tí a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni kò mọ èésú? Ta ni ìyá rẹ̀ kò dá àjọ rí? Láti ọdún 1935 ni òfin ti wà fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí sì wà káàkiri ìlú àti abúlé wa. Wọ́n mọ ọmọ ẹgbẹ́ tí àìsàn dá dúró, wọ́n sì mọ èyí tí ń fi àìsàn bojú, ju bí akọ̀wé ìjọba kankan ti lè mọ̀ ọ́n lọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń dá owó sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tàbí tí ọ̀dá mú oko rẹ̀, ó tọ́ kí ìpínlẹ̀ fi náírà kan kún náírà méjì tí wọ́n bá dá. Èyí yóò gba sùúrù, nítorí ẹni tí owó òòjọ́ rẹ̀ kò tó jẹun kò lè rántí ọ̀la, yóò sì pẹ́ kí ó tó kárí.

Ṣùgbọ́n ìbáà ṣe ti olùkọ́, ìbáà ṣe ti aránṣọ, n kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dá kọ́bọ̀ kan sí àpò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ìjọba nìkan. Kí àwọn òṣìṣẹ́ yan aṣojú tiwọn, kí àwọn agbanisíṣẹ́ yan tiwọn, kí ìjọba sì ní tirẹ̀; kí a máa tẹ ìṣirò owó náà sínú ìwé ìròyìn lọ́dọọdún ní èdè tí ìyá alákàrà lè kà. Kí òfin sì sọ ọ́ gbangba pé gómìnà kò gbọdọ̀ yá nínú rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ láti kọ́ afárá tí gbogbo ìlú ń fẹ́.